Ìbọ̀wọ́ Wíwọ́ Tí Asahel Vrooman Wọ̀ Lọ Sílé

Ìtàn ìgbésí ayé olóògbé Asahel Cornelius Vrooman, 1856 sí 1931

Ẹ̀yin ará, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ẹ̀yin tí ẹ gba inú yìnyín kọjá wá bá wa dárò láàárọ̀ yìí, a kí yín kú ẹsẹ̀, a kí yín kú òtútù. Ẹ jókòó dáadáa, ẹ fún wa létí. Ìtàn kan ń bẹ lẹ́nu wa tí kò gùn tó ìwàásù, tí kò sì kúrú tó àdúrà ìjẹun. Nígbà tí ẹ bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí, ẹ ó rí ìbọ̀wọ́ funfun lọ́wọ́ Bàbá, nítorí nílùú Oswick wa níbí, ẹni tó bá fi awọ gígé jẹun kì í wọ ilẹ̀ lọ́wọ́ lásán. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nídìí tábìlì ni í gé ìbọ̀wọ́ ìkẹyìn fún un. Ẹ ó rí i pé àwọn ìka ìbọ̀wọ́ náà wọ́. Ọ̀kan kọjú sí ìlà oòrùn, èkejì kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, àtàǹpàkò sì yà sọ́tọ̀ bí ẹni tó ń bá ará ilé jà. Àlejò á ní ẹni tó gé e ti mutí yó. Kò mutí o. Ẹ jẹ́ ká sọ bó ṣe jẹ́.

Bí ẹ bá gbọ́ tí a ń pe Bàbá ní "ó" nínú ìtàn yìí, ẹ má kà á sí àfojúdi. Ìyá wa, Keziah, ìyàwó wọn, ló ń sọ ọ́ fún wa, bó ṣe dé ẹnu Ìyá la ṣe kọ ọ́.

Ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹta ọdún 1856 ni a bí Asahel nílùú Oswick, ní ìpínlẹ̀ New York, níbi tí odò ti ń sáré bọ̀ láti orí òkè wá fọ awọ fún wa. Cornelius Vrooman ni bàbá rẹ̀, Maritje ni ìyá rẹ̀. Ìdílé Vrooman ti wà létí odò yẹn kí ìlú tó lórúkọ. Ọmọ àwọn ará ilẹ̀ Holland ni wọ́n, bàbá bàbá rẹ̀ sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ rẹ awọ sínú omi èèpo igi ládùúgbò wa. Agbẹ̀bí ní àwọn ọmọ yòókù máa ń di ọwọ́ wáyé, ṣùgbọ́n èyí la ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀ gbayawu. Ìyá rẹ̀ ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Ẹni tó la ọwọ́ ló ń rí nǹkan gbà."

Láti 1863 títí di 1869, Asahel lọ sí ilé ìwé ìjọ lẹ́bàá afárá. Kò ya òmùgọ̀, kò sì ya ọ̀mọ̀wé. Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe ni bọ́ọ̀lù. Ó ń fi òwú tí ìyá rẹ̀ fẹ́ fi hun ìbọ̀sẹ̀ wé ara wọn, á wá fi àjákù awọ láti ìdí tábìlì bàbá rẹ̀ bò ó. Ìgbà òtútù ọdún kan wà tí ìbọ̀sẹ̀ Cornelius Vrooman kò tó ẹsẹ̀ méjì, gbogbo ilé sì mọ ibi tí ìyókù wà.

Ní ọdún 1870, bàbá rẹ̀ mú un lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Jotham Dunning, ọ̀gá gbogbo àwọn tó ń gé awọ nílùú yìí. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ tábìlì mọ̀ pé awọ gígé kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀bẹ, iṣẹ́ ìka ni. O fà á síhìn-ín, o fà á sọ́hùn-ún, ìka rẹ ni yóò sọ fún ọ ibi tó lágbára àti ibi tó fẹ́ ya. Jotham Dunning ní òfin kan ṣoṣo, ó sì jẹ́ kí gbogbo ọmọ iṣẹ́ há a sórí: ìbọ̀wọ́ Oswick gbọ́dọ̀ bá ọwọ́ mu bí awọ ara; ẹni tó wọ̀ ọ́ gbọ́dọ̀ lè fi òwú bọ abẹ́rẹ́ láìbọ́ ọ. Èyí tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, inú apẹ̀rẹ̀ àjákù ló ń lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi òfin yẹn sọ́kàn. Òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọwọ́ Asahel.

Ní ọdún 1874 ni Asahel bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn ọmọ ìlú gbá bésíbọ́ọ̀lù ní ọjọ́ Sátidé. Nígbà tó di 1877, ẹgbẹ́ Oswick di ẹgbẹ́ tí ń sanwó fún àwọn tó ń gbá a, Asahel sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi eré jẹun lágbègbè yìí. Ìyá rẹ̀ wò ó títí.

"Wọ́n á sanwó fún àgbàlagbà kó lọ ṣeré? Bí o bá sùn ńkọ́, ṣé wọ́n á san tìyẹn náà?"

"Màmá, níbi tí mò ń dúró sí, bí mo bá sùn, bọ́ọ̀lù ni yóò jí mi."

Kò purọ́. Ahanbọ́ọ̀lù ni. Ajubọ́ọ̀lù á dúró ní iwájú, á ju bọ́ọ̀lù bí ẹni ń sọ òkò. Ẹni tó di ọ̀pá mú á fẹ́ fi ọ̀pá gbá a. Bí ọ̀pá kò bá bá a, Asahel tó lóṣòó lẹ́yìn ọ̀pá ni yóò hán an. Láyé ìgbà náà, ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń hán an. Ahanbọ́ọ̀lù tó bá wọ ohunkóhun sọ́wọ́, ojo ni. Àwọn èrò á bi í bóyá ó fẹ́ gba ìbòrí kún un. Ìyẹn ni pé ìlú tó ń gé ìbọ̀wọ́ fún gbogbo ayé ní ahanbọ́ọ̀lù tí kò ní ìbọ̀wọ́. Ọ̀bẹ tó mú kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Ọwọ́ náà kò tíì bàjẹ́ títí di 1879, tí Fintan Mulqueen dé. Ọmọ Ireland ni, ó gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ojú ọ̀nà rélùwéè tí wọ́n ń ṣe ló gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Ó di ajubọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ wa, bọ́ọ̀lù rẹ̀ sì máa ń súfèé kó tó dé. Kò pẹ́ tí òun àti Asahel fi di ọ̀rẹ́ tí kì í yara, àmọ́ ní ọdún yẹn kan náà, ìka kékeré Asahel ṣẹ́, ìka tó tẹ̀ lé e sì yẹ̀. Onígbàjámọ̀ ìlú ló ń bá a fà á nà; á ti ìgò òróró irun sápá kan, á fa ìka, á ní, "Mí sókè," Asahel á padà sẹ́yìn ọ̀pá. Ìka náà á jinná, ṣùgbọ́n kì í rántí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Ẹni tó kọ́kọ́ kíyè sí i ni Keziah, ọmọ Jotham Dunning. Bí gbogbo obìnrin Oswick, ojú fèrèsé ló ti ń rán ìbọ̀wọ́. Asahel ló ń gbé èyí tí wọ́n ti gé wá fún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kò sì sí ọ̀sẹ̀ tí kì í jókòó ju bó ṣe yẹ lọ.

"Ìwọ lo gé èyí?" Keziah bi í lọ́jọ́ kan, ó gbé àtàǹpàkò awọ sókè.

"Èmi ni. Kò dára?"

"Ó dára fún ẹni tí wọ́n bí ní àtàǹpàkò mẹ́ta. Asahel, ìka rẹ ti ń parọ́ fún ọ."

"Èmi ni mo ń rán an níṣẹ́ ibi. Tí mo bá fi ọ́ ṣe aya, màá sọ fún un kó sọ òótọ́."

"Ta ló ní o máa fẹ́ mi? Gba awọ rẹ, ìwọ ọkùnrin yìí, kí Bàbá tó wọlé."

Nígbà ìrúwé ọdún 1880, ó lọ bá Jotham Dunning. Bàbá Keziah kò ní kó jókòó. Wọ́n gba ọwọ́ òsì rẹ̀, wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn, bí ẹni ń yẹ awọ wò lọ́jà.

"Ọmọ Vrooman, mi ò kórìíra rẹ. Ṣùgbọ́n eré yìí yóò parí lọ́jọ́ kan, tábìlì kò ní parí. Bó bá parí, kí lo fẹ́ fi bọ́ ọmọ mi? Igi wọ́rọ́kọ́ ní í da iná rú."

"Bàbá, mo ti fọwọ́ sí ìwé ẹgbẹ́ fún ọdún yìí. Bí mo bá sá, ta ni yóò tún gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́?"

"Mi ò ní kó o sá. Ní ìgbà ìkórè, wá sídìí tábìlì mi. Gé ìbọ̀wọ́, tọ̀tún tòsì, nínú awọ àgbọ̀nrín kan. Bó bá dára, mú Keziah lọ. Bí kò bá dára, má fi ìka wọ́rọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn mi mọ́."

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ṣe dé orí ìka. Gbogbo bọ́ọ̀lù tí Fintan bá jù, Keziah ni ó ń jù kúrò lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Keziah kò káwọ́ lẹ́rán. Ó wá awọ ọmọ ewúrẹ́ tó fẹ́lẹ́ jù, èyí tó ní àwọ̀ ara ènìyàn kí ojú má baà rí i, ó sì rán ìbọ̀wọ́ kan fún ọwọ́ òsì Asahel. Kò tíì rán irú rẹ̀ rí. Ó tẹ̀ lé gbogbo oríkèé, ó tẹ̀ lé èékánná pàápàá. Ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kẹfà, Asahel wọ̀ ọ́ jáde, ó rò pé kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ó gbàgbé pé Oswick ni a wà. Obìnrin kan dìde lórí ìjókòó ẹ̀yìn, aránbọ̀wọ́ bíi Keziah ni.

"Ẹ wo ọwọ́ Asahel! Ìbọ̀wọ́ ni! Ojú abẹ́rẹ́ ọmọ Dunning nìyẹn, mo dá a mọ̀!"

Ẹlòmíràn ké, "Asahel, ṣé ṣọ́ọ̀ṣì lò ń lọ ni? Ìjókòó wo ni ká bá ọ gbà sílẹ̀?"

"Ẹ má bú u! Ẹ wo bó ṣe bá àtàǹpàkò mu! Iṣẹ́ ni èyí o!"

Ìlú tó ń fi ènìyàn ṣẹ̀sín tó tún ń yìn ín lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀yin lẹ bí i. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù kò mọ ojú abẹ́rẹ́ tó dára. Ìbọ̀wọ́ tó rí bí awọ ara, bí awọ ara náà ló ṣe gba ìyà. Ọjọ́ náà ni èékánná àtàǹpàkò Asahel là sí méjì nínú ìbọ̀wọ́.

Nígbà tí Jotham Dunning gbọ́, inú bí wọn, kì í ṣe sí ọmọ wọn, sí bọ́ọ̀lù. "Ìbọ̀wọ́ ilé mi ni bọ́ọ̀lù ń fi ṣẹ̀sín?" Ẹni tó ní kí Asahel má fi eré ba ọwọ́ jẹ́ ló jókòó ti tábìlì fúnra rẹ̀, ó gé òmíràn, awọ àgbọ̀nrín tó nípọn ní ìlọ́po méjì. Ó bá ọwọ́ mu bí awọ ara. Asahel wọ̀ ọ́, ìka àárín ṣẹ́. Bàbá gé òmíràn, ó tún bá ọwọ́ mu ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, egungun ọrùn ọwọ́ sì dún. Kò sí agéwọ kan, ẹni tó ń fi awọ gígé jẹun, nílùú tí kò dán tirẹ̀ wò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn yẹn. Gbogbo wọn ló dára. Ìyẹn gan-an ló burú.

Fintan náà mú ìmọ̀ràn tirẹ̀ wá. Ó ní kí Asahel ki ẹran màlúù tútù bọ ìbọ̀wọ́. Ó kì í. Ó sàn díẹ̀, a ò ní parọ́, títí ajá alápatà fi gbọ́ òórùn rẹ̀ tó já wọ orí pápá. Rẹfirí ní òun kò mọ òfin kankan nípa ajá. Asahel sá, ajá lé e, ẹni tó di ọ̀pá mú sì jókòó sílẹ̀ kó lè ráyè rẹ́rìn-ín. Títí ó fi darúgbó, bí ajá bá gbó, Fintan á ní, "Asahel, ó ń bèèrè ẹran rẹ̀."

Ìgbà ìkórè dé. Asahel dúró nídìí tábìlì Jotham Dunning, gbogbo àwọn agéwọ gbé ọ̀bẹ kalẹ̀, wọ́n ń wò ó. Ó fa awọ síhìn-ín, ìka kò sọ nǹkan kan fún un. Ó fà á sọ́hùn-ún, ìka dákẹ́. Ó gé e bí ẹni ń rìn nínú òkùnkùn. Ìbọ̀wọ́ òsì tó jáde tóbi ju ọwọ́ ènìyàn lọ, ìka rẹ̀ wọ́ gbágungbàgun, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ṣò, àtàǹpàkò jìnnà sí ìka yòókù bí abúlé sí ọjà. Bàbá na ọwọ́, wọ́n gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ èyí ti ọ̀tún.

"Ó tó. Ta ni yóò wọ eléyìí? Àgbọ̀nrín náà?" Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọmọ mi, máa lọ sílé. Ó dùn mí o."

Asahel lọ. Ìyá ní òun rí i láti ojú fèrèsé, ó ń rìn bí ẹni tó gbé ọwọ́ ara rẹ̀ lọ sin.

Keziah kò sunkún lójú Bàbá. Ó lọ sídìí apẹ̀rẹ̀ àjákù, ó he ìbọ̀wọ́ burúkú yẹn. Awọ kì í ṣòfò nílé Dunning. Ó ki irun àgùntàn sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bámúbámú, ó rán awọ bò ó mọ́lẹ̀, ó fi àyè ọwọ́ sílẹ̀, ó sì sọ ọ́ di ohun tí ó fi ń gbé ìkòkò kúrò lórí iná. Ohun tó kù fún un lára Asahel nìyẹn, ó ní ó sàn kí òun máa fi gbé ọbẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Fintan wá bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bàbá kò sí nílé. Asahel dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò kan ilẹ̀kùn, ó ń pa àṣẹ mọ́. Fintan jókòó nílé ìdáná, ó mú ápù kan látinú agbada, ó ń fi ṣeré.

"Keziah, bí o bá kọ̀ ọ́ sílẹ̀, èmi ńkọ́? Mo lówó, mo lẹ́wà, ìka mi pé."

"O lẹ́nu. Ìyẹn nìkan lo ní."

"Ó dáa, hán an!" Ó sì ju ápù náà, kì í ṣe jẹ́jẹ́, nítorí apá yẹn kò mọ jẹ́jẹ́. Ìkòkò wà lọ́wọ́ ọ̀tún Keziah. Ó fi ọwọ́ òsì tó wà nínú awọ burúkú náà gbà á. Pọ̀fù. Ápù náà fọ́ yángá sínú ìbọ̀wọ́. Keziah ṣì ń wo ìkòkò bóyá ọbẹ̀ dànù.

Fintan dìde. "Ṣé ó dùn ọ́?"

"Kí ló fẹ́ dùn mí? Ìwọ lo máa nu ilẹ̀ o."

"Keziah. Ṣé ó dùn ọ́?"

Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Ó gbé ìkòkò kalẹ̀. "Rárá," ó ní. "Mi ò mọ̀ ọ́n lára rárá."

Fintan kígbe pe Asahel wọlé; Asahel ní òun kò lè kan ilẹ̀kùn. "Má kàn án, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀!" Wọ́n jù ú ní ápù, wọ́n jù ú ní ọ̀dùnkún, ẹ̀yìn ilé ni wọ́n ti wá ju bọ́ọ̀lù gan-an. Ìbọ̀wọ́ tí kò bá ọwọ́ mu ló gba ọwọ́ là. Bọ́ọ̀lù ń rì sínú ìṣò rẹ̀, irun àgùntàn ń gba ìyà, ọwọ́ wà lọ́hùn-ún bí ẹni tó sùn nínú ilé nígbà tí òjò ń rọ̀. Gbogbo ìlú ti ń gé ìbọ̀wọ́ bí ẹni tó fẹ́ fi bọ abẹ́rẹ́. Kò sẹ́ni tó rántí pé Asahel kò fẹ́ bọ abẹ́rẹ́.

Nígbà náà ni Fintan gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀. "Asahel, mo ní ọ̀rọ̀ kan. Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń fa apá sẹ́yìn. Ìlàjì agbára mi ni mo ń jù sí ọ."

"Ìlàjì ló ṣẹ́ mi níka?"

"Mo fẹ́ jẹ oúnjẹ ìgbéyàwó rẹ ni."

Eré ìkẹyìn ọdún náà, pẹ̀lú ẹgbẹ́ ìlú Hadley, bọ́ sí oṣù kẹwàá. Nílé, Asahel ti wọ ìbọ̀wọ́, ó ti bọ́ ọ, ó tún ti wọ̀ ọ́. Nǹkan tó burú tó bẹ́ẹ̀, níwájú gbogbo agéwọ Oswick, ọwọ́ ọmọ iṣẹ́ Jotham Dunning! Ó ní òun yóò kúkú lo ọwọ́ lásán. Keziah di ọwọ́ òsì náà mú, èyí tó ti wọ́.

"Bàbá ní ìka rẹ kò mọ awọ mọ́. Ó dáa. Èyí tó kù lára rẹ̀, mo fẹ́ kó o fi gbé ọmọ wa. Wọ nǹkan yìí, kí o jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín."

Ó wọ̀ ọ́. Bó ṣe bọ́ sórí pápá, gbogbo èrò na ọrùn wò ó. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín bú.

"Asahel, ìrọ̀rí ta lo jí gbé?"

"Ẹ bá a tẹ́ ibùsùn, oorun ń kùn ún!"

"Jotham Dunning o! Ṣé bí ẹ ṣe ń gé e nísinsìnyí nìyí?"

Bàbá fa fìlà bo ojú. Fintan wo Asahel, Asahel lóṣòó, ó gbé ìrọ̀rí náà sókè. Fintan fa apá rẹ̀ sẹ́yìn débi tí kò fà á dé rí. Àwọn tó wà níbẹ̀ ní àwọn kò rí bọ́ọ̀lù. Ìró rẹ̀ ni àwọn gbọ́. Kì í ṣe pàà tí etí mọ̀, tí í mú obìnrin di ojú. Pọ̀fù ni. Ẹni tó di ọ̀pá mú ṣì ń retí rẹ̀ nígbà tí rẹfirí ti dájọ́. Ó tún jù ú: pọ̀fù. Títí ìrọ̀lẹ́, Hadley kò fi ọ̀pá kan bọ́ọ̀lù tó nǹkan, àwọn tó ń rẹ́rìn-ín sì ti ń bá a ké pọ̀fù. Nígbà tí wọ́n parí, Asahel bọ́ ìbọ̀wọ́, ó gbé ọwọ́ òsì sókè, ó mú ìka rẹ̀ jó lọ́kọ̀ọ̀kan sí Keziah. Wọ́n wọ́, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló jó.

Jotham Dunning sọ̀ kalẹ̀ wá. Wọ́n gba ìbọ̀wọ́ náà, wọ́n yí i padà, wọ́n gbóòórùn ọbẹ̀ nínú rẹ̀.

"Ìwọ lo gé eléyìí."

"Èmi ni, Bàbá. Ẹ ti rí i rí."

Wọ́n mú ìbọ̀wọ́ náà lọ sídìí tábìlì, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n fẹ́ gé irú rẹ̀. Ọwọ́ wọn kọ̀. Gbogbo ìka tí wọ́n bá fẹ́ kó wọ́, á tọ́. Gbogbo àtẹ́lẹwọ́ tí wọ́n bá fẹ́ kó ṣò, á bá ọwọ́ mu. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbà kò wọ akèrègbè. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n ránṣẹ́ pe Asahel.

"Mo ní kó o gé ìbọ̀wọ́ kan wá, tọ̀tún tòsì. Ọ̀kan ṣoṣo lo gé."

Keziah fèsì láti ojú fèrèsé, "Bàbá mi, ọwọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń wọ̀ ọ́."

"Mo ní igi wọ́rọ́kọ́ ní í da iná rú."

"Òun náà ló bá wa gbé ọbẹ̀ kúrò lórí iná."

Bàbá rẹ́rìn-ín, ohun tí wọn kì í sábà ṣe. Ní oṣù kẹrin ọdún 1881, ní ìjọ wa yìí, Asahel gbé Keziah níyàwó. Fintan jẹun títí àwọn àgbà fi bínú.

Lẹ́yìn náà, Asahel gbá a fún ẹgbẹ́ Hadley, ó gbá a fún ẹgbẹ́ méjì mìíràn, ó ń wọ ọkọ̀ ojú irin káàkiri títí di 1890. Lẹ́yìn ìgbà ìrọ̀rí yẹn, ìka rẹ̀ tó tún ṣẹ́ kò pọ̀. A ò ní sọ pé òun ló kọ́kọ́ ronú irú ìbọ̀wọ́ bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Amẹ́ríkà. Nígbà náà, ọwọ́ ń dun ènìyàn níbi púpọ̀, ẹni tí nǹkan bá sì ń dùn ni í wá ọgbọ́n. Ohun tí a mọ̀ ni pé nígbà tó padà wálé, Jotham Dunning yọ̀ǹda tábìlì kan fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn, tábìlì ìbọ̀wọ́ ahanbọ́ọ̀lù. Tábìlì tó tọ́ àti tábìlì tó wọ́ wà lábẹ́ òrùlé kan, ọ̀pọ̀ ilé nílùú yìí ló ti ìdí èkejì jẹun nígbà tí àwọn obìnrin ìlú ńlá kò fi bẹ́ẹ̀ ra ìbọ̀wọ́ mọ́.

Ní ọdún 1898 ó di díákónì. Ìjókòó ẹ̀yìn ló fẹ́ràn, ó ní ẹ̀yìn ni ahanbọ́ọ̀lù ń dúró sí. Lọ́jọ́ kan, owó ọrẹ já bọ́ lọ́wọ́ ọmọ kan látorí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Asahel kò la ojú kúrò nínú àdúrà, ó na ọwọ́, ó hán an. Pásítọ̀ ní òun kò lè wàásù mọ́ lọ́jọ́ yẹn. Pápá tó wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń fọ awọ, òun ló bẹ ìlú kí wọ́n má kọ́lé síbẹ̀. Ọmọ èyíkéyìí tó bá wá síbẹ̀, ìbáà jẹ́ ọmọ Holland, ọmọ Ireland, ọmọ Poland tó dé láná, Asahel á wo ọwọ́ rẹ̀, á fún un ní ìbọ̀wọ́ tó tóbi jù ú lọ, á ní, "Má bẹ̀rù. Wàá dàgbà dé inú rẹ̀."

Ó sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ kẹta oṣù kejì ọdún 1931, lórí ibùsùn rẹ̀, Keziah di ọwọ́ òsì mú. Ó fi ayé sílẹ̀ fún Keziah ìyàwó rẹ̀. Fún Maritje, Jotham àti Cornelia, àwọn ọmọ rẹ̀. Fún àwọn ọmọ-ọmọ tí wọ́n kún ìjókòó mẹ́ta níwájú yìí. Àti fún Fintan kékeré, ọmọ àwọn ọmọ-ọmọ, tó ń fi ẹnu jẹ ìbọ̀wọ́ baba ńlá rẹ̀ báyìí. Ẹ fi í sílẹ̀. Yóò dàgbà dé inú rẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìbọ̀wọ́ funfun. Lambert Yost, tó jẹ́ ọ̀gá tábìlì lónìí, tó gba ìbọ̀wọ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ Bàbá lórí pápá yẹn, ló wá wọn ọwọ́. Ó wò ó títí, ojú ń tì í.

"Màmá, ìbọ̀wọ́ ìkẹyìn ni. Ṣé kí n gé e tààrà bí ti gbogbo ènìyàn? A lè fi òwú kún ibi tó bá ṣófo, yóò rí bí ọwọ́ tó pé."

Ìyá ní, "Lambert, àádọ́ta ọdún ni mo fi di ọwọ́ yìí mú. Bí o bá nà án tààrà, ta ni màá sọ pé mo sin?"

Lambert tún ọwọ́ náà wọ̀n lẹ́ẹ̀kejì. Ó lọ sídìí tábìlì tó tọ́, tábìlì Jotham Dunning, ó fa awọ fún ọwọ́ Bàbá oríkèé kan tẹ̀ lé òmíràn, gbogbo ibi tí ìka ti ṣẹ́, gbogbo ibi tó ti jinná lódì. Ó ba awọ dáadáa mélòó kan jẹ́. Nígbà tó gbé e wá, ó ní, "Màmá, mi ò gé ohun tó le tó èyí rí." Wọ́n wọ̀ ọ́ fún Bàbá, kò sí ibi tó ṣò, kò sí ibi tó fún. Ẹ wò ó bí ẹ ti ń kọjá. Ó bá wíwọ́ rẹ̀ mu bí awọ ara. Bí Bàbá bá jí nísinsìnyí, wọ́n lè fi òwú bọ abẹ́rẹ́.

Ẹnu Ìyá Keziah la ti gbọ́ ọ. Fintan Mulqueen fi iyọ̀ sí i kó tó ṣáájú Bàbá lọ. Àwa ọmọ la kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín. Asahel Vrooman, ẹni tó ń hán nǹkan kí ó má baà kan ilẹ̀, Ọwọ́ Olúwa, tí nǹkan kì í já bọ́ nínú rẹ̀, ni kó hán ìwọ náà. Sùn re o.